Ìbonú Ọ̀nà-Èéfín: Ọ̀rọ̀ àti Ohun-Èlò fún Ààrò Gaàrí ní Ilẹ̀ Òṣòòrò

1. Ìfáàrà

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sí yàrá ìṣàyẹ̀wò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí a ti ń wá orúkọ fún átọ́ọ̀mù àti fún kòkòrò àìfojúrí. Kò burú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà ní ìdí ààrò pẹ̀lú, àìsí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá ju àìsí rẹ̀ ní yàrá ìṣàyẹ̀wò lọ. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ohun kan ṣoṣo, èyí ni ohun tí a fi ń bo inú ihò tí èéfín igi ń gbà jáde láti inú ààrò. A ó wo bí a ṣe lè yan èyí tí ó yẹ fún ààrò àtijọ́, a ó sì wo orúkọ tí ó yẹ kí a máa pè é. Èrò wa ni pé iṣẹ́ méjèèjì kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí ó fi lè ya ihò sọ́tọ̀ kúrò lára ògiri, tí kò sì lè ya ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó bo inú rẹ̀, yóò fi owó rẹ̀ ra ohun tí kò ní í wúlò fún un.

Kì í ṣe òní ni àwọn onímọ̀ èdè wa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí. Ní 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí olọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ní 1990 ni apá kejì jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé wọ̀nyí dá lé lórí. Wọn kò dé ìdí ààrò, a kò sì retí pé kí wọ́n dé ibẹ̀. Ìlànà tí a ó tẹ̀lé níhìn-ín kò ṣe àjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa: kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ń pe nǹkan; bí èyí kò bá tó, kí a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ lójú; bí èyí náà kò bá tó, kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun ní ìbámu pẹ̀lú òfin èdè; kí yíyá ọ̀rọ̀ lò sì gbẹ̀yìn.

2. Ààrò méjì ní Òṣòòrò

Òṣòòrò wà lára ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní agbègbè Òkìtìpupa, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti Ìlútitun títí dé Igbótako àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ẹ̀gẹ́ jẹ́ ohun ọ̀gbìn pàtàkì. Oúnjẹ méjì tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe níbẹ̀ ni ó yẹ kí a fi wéra, nítorí pé èéfín kò ṣe iṣẹ́ kan náà nínú wọn.

Èkíní ni pupuru. Bí a bá ti bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ díẹ̀ títí yóò fi kan tí yóò sì rọ̀. A ó yọ ìtàkùn inú rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n ní róbótó, a ó sì tò ó sórí iná kí ó lè gbẹ. Èéfín ni ó ń gbẹ ẹ́, òun náà ni ó sì ń fún un ní òórùn àti adùn tí àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ mọ̀ ọ́n mọ́. Ní ìdí ààrò pupuru, òṣìṣẹ́ ni èéfín. Bí a bá ṣe ihò tí ó gbé e lọ kíákíá, a ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Èkejì ni gaàrí. Nínú agbada gbígbòòrò ni a ti ń yan án lórí iná tí kò gbọdọ̀ kú, obìnrin tí ó ń yan án a sì jókòó ti ààrò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Níhìn-ín, èéfín kò ní iṣẹ́ kankan. Ó ń ta lójú, ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì fi ohunkóhun kún gaàrí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni ó kú nítorí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí inú ilé, èyí tí ó ń wá láti ara igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn tí a fi ń dáná. Ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n nídìí agbada ń fa èéfín náà, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fà á pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a ya orúkọ ààrò méjèèjì sọ́tọ̀. A dábàá ààrò agbèéfín fún ti pupuru, nítorí pé ó ń gba èéfín dúró. A sì dábàá ààrò alèéfín fún ti gaàrí, nítorí pé ó ń lé èéfín lọ. Ọ̀rọ̀ ìbonú kò kan ààrò agbèéfín. Ààrò alèéfín nìkan ni a ó máa bá lọ.

3. Páìpù kì í ṣe orúkọ kan ṣoṣo

Ihò èéfín ni gbogbo ènìyàn ń pe ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ọ̀rọ̀ yìí dára, kò sì sí ìdí tí a ó fi pa á tì nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ògiri tàbí òpó tí ó dúró ni èkíní. Àlàfo inú rẹ̀ tí èéfín ń gbà ni èkejì. Ohun tí ó bo ojú inú ògiri náà, tí kò jẹ́ kí iná àti èéfín kan ògiri, ni ẹ̀kẹta.

Fún èkíní, ilé-èéfín ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé ilé tí a ti ń yan ẹja ni. Òpó-èéfín kò ní ìṣòro yìí. Fún èkejì, ọ̀nà-èéfín ṣe kedere, nítorí pé ọ̀nà ni ohun tí a ń gbà, kì í ṣe ohun tí a kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù. A wo àwọ̀tẹ́lẹ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ohun tí a ń wá: ó wà lábẹ́, ó ń gba òógùn kí ẹ̀wù òkè má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ti ara ènìyàn ti lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rín ni yóò pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A wo ìrẹ́nú pẹ̀lú, láti ara rírẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ọwọ́ rẹ́ nìkan ni èyí lè tọ́ka sí; kò lè gba páìpù tí a tì bọ inú òpó. Níkẹyìn, a wo ẹbí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀. Ohun tí ó bo orí ni ìborí. Ohun tí ó bo ọrùn ni ìborùn. Ohun tí ó bo ojú ni ìbòjú. Nítorí náà, ohun tí ó bo inú nǹkan yẹ kí ó jẹ́ ìbonú. Ọ̀rọ̀ yìí kò yá ohunkóhun lọ́wọ́ èdè mìíràn, ẹni tí kò gbọ́ ọ rí yóò sì mọ ibi tí ó ń lọ. Ìbonú ọ̀nà-èéfín ni a ó lò nínú àpilẹ̀kọ yìí láti ìsinsìnyí lọ.

Kí ni ìyapa yìí wúlò fún? Ẹ jẹ́ kí a wí pé àwọn obìnrin tí ń yan gaàrí ní abúlé kan dá owó jọ, wọ́n sì rán ọmọ lọ sí ọjà Òkìtìpupa pé kí ó ra páìpù tí èéfín yóò máa gbà. Ọmọ náà lè ra páìpù rọ́bà tí a fi ń fa omi. Ó lè ra sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tí a ti lò rí. Ó lè ra páànù tí a ká roboto. Ó lè ra páìpù alásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n tú lára ilé àtijọ́. Páìpù ni gbogbo wọn, èéfín yóò sì gba inú gbogbo wọn kọjá ní ọjọ́ kìíní. Kò sí ọ̀kan tí ó yẹ. Bí a bá ti sọ fún ọmọ náà pé ìbonú ni kí ó rà, tí a sì kọ́ ọ ní ohun tí ìbonú gbọ́dọ̀ lè fara dà, yóò mọ ohun tí yóò bi ọlọ́jà.

4. Ìfàsókè: ohun tí ó ń gbé èéfín lọ

Èéfín kì í dédé gòkè. Afẹ́fẹ́ tútù tí ó wà níta ni ó wúwo jù ú lọ, òun ni ó ń tì í lọ sókè. A dábàá ìfàsókè fún agbára tí a ń rí nígbà tí èéfín gbígbóná bá ń gòkè nínú òpó tí ó sì ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọ inú ààrò. Ohun méjì ni ó ń sọ bí ìfàsókè yóò ti pọ̀ tó: bí òpó ti ga tó, àti bí ooru èéfín ti ju ooru ìta lọ tó.

Òǹkà yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá wà ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 30, gẹ́gẹ́ bí ó ti sábà máa ń rí ní Òṣòòrò ní ọ̀sán, tí èéfín inú òpó sì wà ní ìwọ̀n 200, èéfín tí ó kún garawa kan kò ní í wúwo tó ìdá méjì nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ ìta tí ó kún garawa kan náà. Ní ìlú òyìnbó, nígbà tí ìta bá tutù dé ìwọ̀n 0, ìyàtọ̀ yìí a tún gbòòrò sí i. Bí a bá ṣírò méjèèjì, ìfàsókè tí a ó rí nínú òpó kan ní Òṣòòrò kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí irú òpó bẹ́ẹ̀ yóò ní nínú òtútù ìlú òyìnbó.

Ohun tí èyí kọ́ wa ṣe pàtàkì. Àwọn kan rò pé nítorí pé ilẹ̀ wa gbóná, kò sí ìdí tí a ó fi dáàbò bo ooru inú òpó-èéfín. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Nítorí pé ìta wa gbóná, díẹ̀ ni ìfàsókè tí a ní, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ògiri jí ooru èéfín lọ. Ìbonú tí ó dára a máa pa ooru mọ́ inú ọ̀nà-èéfín.

5. Ọ̀dà-èéfín àti ẹ̀kọ́ inú ògógóró

Ìdí kejì tí èéfín kò fi gbọdọ̀ tutù nínú òpó ni ọ̀dà. Àpẹẹrẹ tí ó dára jù fún un wà nínú iṣẹ́ tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ̀ dunjú, èyí ni ògógóró pípọn. Ẹmu ògùrọ̀ tí ó ti kan ni a ń sè nínú àgbá tí a dé pa. Oru tí ó ń jáde láti inú rẹ̀, èyí ni ohun olómi tí iná ti sọ di bí afẹ́fẹ́, a gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù. Bí ó bá ti tutù níbẹ̀, a tún di olómi, a sì máa kán sínú ìgò. Dídomi ni a ó pe ìpadà yìí.

Dídomi kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀nà-èéfín. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni omi. Bí a bá fi í dáná, omi náà a di oru, a sì gbé àwọn ohun inú igi tí kò jóná tán lọ́wọ́. Bí ojú inú òpó bá tutù ju nǹkan bí ìwọ̀n 120 lọ, àwọn nǹkan wọ̀nyí a domi sára rẹ̀, wọn a sì di ohun dúdú tí ń lẹ̀. Ọlọ́tí ń fẹ́ kí páìpù rẹ̀ tutù kí oru lè domi. Oní-ààrò ń fẹ́ kí tirẹ̀ gbóná kí oru má baà domi. Òfin kan ni, ìlò ni ó yàtọ̀.

Orúkọ wo ni kí a pe ohun dúdú yìí? Agbègbè yìí mọ ọ̀dà. Kò jìnnà sí Òkìtìpupa ni Àgbabu wà, níbi tí ọ̀dà ilẹ̀ ti ń sun jáde. Nítorí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation fi wá wa ilẹ̀ ní agbègbè náà láti nǹkan bí 1908. Ohun inú òpó náà dúdú, ó ń lẹ̀, ó sì ń gbiná bí ọ̀dà. Nítorí náà, ọ̀dà-èéfín ni a dábàá fún un. Ohun gbígbẹ tí ó dà bí ẹ̀tù, irú èyí tí ń wà ní ìdí ìkòkò, yàtọ̀ sí i. Èérí-èéfín ni a ó pe ìyẹn. Ọwọ̀ lè gbá èérí-èéfín kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀dà-èéfín tí ó ti gan kò ṣe é gbá bọ̀rọ̀.

Ewu ọ̀dà-èéfín kì í ṣe kékeré. Bí ó bá gbiná nínú òpó, ooru rẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 1,000. Ilé ìyangaàrí tí a fi imọ̀ bò tàbí tí a fi pákó kàn kò lè dúró níwájú irú iná bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú òpó-èéfín ní Amẹ́ríkà gbà pé bí ohun tí ó lẹ̀ mọ́ inú bá ti nípọn tó mìlímítà 3, àkókò tó láti gbá a.

6. Ìwọ̀n ihò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ihò bá ti tóbi tó ni yóò ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò tí ó kéré jù a máa dá èéfín padà sí ojú ẹni tí ń yan gaàrí. Ihò tí ó tóbi jù a máa jẹ́ kí èéfín rọra rìn, kí ó tutù, kí ó sì domi.

Kí a kọ́kọ́ wo èyí tí ó kéré. Bí ẹnu tí èéfín ń gbà kúrò nínú ààrò bá fẹ̀ ní ínṣì 6, ìbonú kò gbọdọ̀ kéré sí ínṣì 6 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Páìpù oní-ínṣì-4 dà bí ẹni pé ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 6 lọ́nà 6 sì jẹ́ 36. Àlàfo rẹ̀ kò tó ìdajì. Sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tí ó fẹ̀ ní ínṣì 2 kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́sàn-án lọ.

Kí a wá wo èyí tí ó tóbi. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún ààrò igi ni pé àlàfo ọ̀nà-èéfín kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta àlàfo ẹnu ààrò lọ; bí ògiri òpó bá wà níta gbangba, kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì. Ẹnu oní-ínṣì-6 ní àlàfo nǹkan bí ínṣì 28 níbùú-lóròó. Òpó tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí inú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 12 sí ínṣì 12, ní ínṣì 144. Èyí ti ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Irú òpó bẹ́ẹ̀ kò ní í fa èéfín dáadáa láéláé, àfi bí a bá fi ìbonú dín inú rẹ̀ kù.

7. Ààrò tuntun nínú òpó àtijọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ òpó títóbi ti le jù ni ibi tí a bá ti gbé ààrò tuntun sínú ti àtijọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ni a kọ́ ní ayé Ọbabìnrin Victoria, pẹ̀lú òpó-èéfín gbígbòòrò fún iná tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú yàrá. Kùrukùru aléèéfín tí ó bo Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá 1952 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ sì tẹ̀lé e ní 1956. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni òfin ilé kíkọ́ ibẹ̀ ti ń béèrè pé kí òpó-èéfín tuntun ní ìbonú. Lónìí, ẹni tí ó bá gbé ààrò irin sínú ilé-iná àtijọ́ a sábà máa ti páìpù irin aláìdípẹtà bọ inú òpó náà láti òkè, nítorí pé ààrò irin ń fi ooru tí ó pọ̀ sínú yàrá, èéfín tí ó ń lé jáde kò sì gbóná tó ti iná gbayawu.

Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ ní Òṣòòrò. Ààrò amọ̀ àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò ń jẹ igi púpọ̀, èéfín rẹ̀ sì gbóná gan-an. Bí a bá gbé àpótí-iná onírin, tí ó ní ìlẹ̀kùn tí kì í jẹ igi púpọ̀, sínú rẹ̀, a ti dín èéfín kù, a sì ti dín ooru rẹ̀ kù. Òpó tí ó bá ààrò àtijọ́ mu kò lè bá èyí mu mọ́. A dábàá ààrò àtìbọ̀ fún irú ààrò tí a tì bọ inú òmíràn. Òfin rẹ̀ kò gùn: ẹni tí ó bá ra ààrò àtìbọ̀ gbọ́dọ̀ ra ìbonú mọ́ ọn.

8. Ohun tí a lè fi ṣe ìbonú

Páìpù rọ́bà kò yẹ ní ibi iná rárá. Ooru tí kò tó ti omi híhó ti lè mú un rọ̀. Páìpù alásíbẹ́sítọ́ọ̀sì a máa fọ́ bí ooru bá mú un lójijì, ẹ̀tù inú rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí irú rẹ̀ kankan tí kì í fà á.

Páànù ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún nǹkan méjì. Páànù kan jẹ́ irin tí a fi sínkì bò. Òmíràn jẹ́ alumíníọ́mù látòkè délẹ̀. Sínkì ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 420, alumíníọ́mù sì ń yọ́ ní ìwọ̀n 660. A ti sọ pé iná ọ̀dà-èéfín lè kọjá 1,000. Ó yẹ kí a máa sọ páànù onísínkì àti páànù alálumíníọ́mù, kí a sì mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ìbonú ààrò igi. Irin lásán tí a gé lára dúrọ́ọ̀mù kì í yọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi kíkan inú ọ̀dà-èéfín a máa jẹ ẹ́, ìpẹtà a sì lu ú láàárín àkókò díẹ̀. Ẹni tí kò bá rí òmíràn lè lò ó, bí ó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà gbogbo.

Sìmẹ́ńtì nìkan kò tó. Bí ooru rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 400, agbára rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, a sì sán. Búlọ́ọ̀kù dára fún òpó-èéfín, ṣùgbọ́n ó nílò ìbonú.

Amọ̀ ni tiwa. Amọ̀ tútù tí a pò mọ́ iyanrìn tí a sì fi rẹ́ inú òpó kò wọ́nwó, ó sì ń pa ooru mọ́; àléébù rẹ̀ ni pé ó ń sán bí ó ti ń gbẹ, a sì gbọ́dọ̀ máa tún un rẹ́. Páìpù amọ̀ sísun, tí amọ̀kòkò fi iná sun bí ìkòkò, sàn jù ú lọ. Ó ń fara da ooru gíga, omi kíkan kì í jẹ ẹ́. Kí a má kàn dá iná ńlá lójijì nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, nítorí pé ooru òjijì a máa là á. Nígbà tí a bá ń tò ó, ẹnu gbígbòòrò ni kí ó kọjú sókè, kí ìsàlẹ̀ páìpù òkè wọ inú ẹnu páìpù ìsàlẹ̀. Bí a bá tò ó báyìí, omi òjò àti ọ̀dà yóò máa ṣàn nínú títí dé ìsàlẹ̀. Bí a bá tò ó lódìkejì, wọn yóò máa jò sára ògiri.

Irin aláìdípẹtà ni ó gbayì jù ní òkè òkun. Èyí tí ọlọ́jà ń pè ní 316, tí ó ní èròjà tí ń kọ omi kíkan, ni ó yẹ fún igi. Èyí tí wọ́n ń pè ní 904 ni wọ́n ń lò fún èédú ilẹ̀. Ó fúyẹ́, kò ní oríkèé púpọ̀, ó ṣe é tì bọ inú òpó tí ó wọ́. Owó rẹ̀ ni ìṣòro.

9. Bí a ó ṣe yàn

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ìbonú jókòó lé, bí ọ̀kan bá sì yẹ̀, ọbẹ̀ yóò dànù. Èkíní: ṣé yóò fara da iná ọ̀dà-èéfín bí ó bá ṣẹlẹ̀? Èkejì: ṣé ihò rẹ̀ bá ẹnu ààrò mu? Ẹ̀kẹta: ṣé yóò jẹ́ kí èéfín gbóná títí yóò fi jáde, ṣé a sì lè ti ọwọ̀ bọ inú rẹ̀ gbá a?

Fún ààrò gaàrí àtijọ́ tí òpó rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù gbígbòòrò, páìpù amọ̀ sísun oní-ínṣì-6 ni a fara mọ́, kí a fi àlàfo sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù, kí a sì dí òkè àlàfo náà kí òjò má baà wọ ibẹ̀. Fún òpó amọ̀ tí ó ṣì le tí ihò rẹ̀ kò sì tóbi jù, kí a tún inú rẹ̀ rẹ́. Fún ẹgbẹ́ tí ó lágbára owó, tàbí ibi tí òpó ti wọ́, kí a lo irin aláìdípẹtà. Kí òpó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 lókè ibi tí ó ti yọ lórí òrùlé, kí a sì fi akẹtẹ̀-èéfín dé e, nítorí òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣeré. Kí igi gbẹ títí omi inú rẹ̀ kò fi ní í tó ìdá kan nínú márùn-ún, nítorí kò sí ìbonú tí ó lè gba igi tútù sílẹ̀.

10. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Ààrò agbèéfín: ààrò tí èéfín ń ṣe iṣẹ́ nínú rẹ̀.
Ààrò alèéfín: ààrò tí a ti ń lé èéfín jáde.
Ààrò àtìbọ̀: ààrò, pàápàá onírin, tí a tì bọ inú ààrò àtijọ́.
Akẹtẹ̀-èéfín: ohun tí a fi ń dé orí òpó-èéfín nítorí òjò.
Dídomi: ìpadà oru sí ohun olómi nítorí òtútù.
Èérí-èéfín: ẹ̀tù dúdú gbígbẹ tí èéfín ń fi sílẹ̀.
Ìbonú: ohun tí ó bo ojú inú ọ̀nà-èéfín, yálà a rẹ́ ẹ ni tàbí a tì í bọ̀ ọ́.
Ìfàsókè: agbára tí ń gbé èéfín gbígbóná lọ sókè.
Ọ̀dà-èéfín: ohun dúdú tí ń lẹ̀, tí ń gbiná, tí oru èéfín igi ń dà nínú òpó.
Ọ̀nà-èéfín: àlàfo tí èéfín ń gbà.
Òpó-èéfín: ògiri tí ó yí ọ̀nà-èéfín ká.

11. Ìkádìí

A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni abẹ gé. Amọ̀kòkò, alágbẹ̀dẹ, bíríkìlà àti àwọn obìnrin tí ń yan gaàrí ni wọn yóò sọ èyí tí yóò dúró. Ohun tí a tẹnu mọ́ ni pé kí a fún ìyá tí ó wà nídìí agbada ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi lè sọ fún bíríkìlà pé: òpó yìí dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò jù, ẹ bá mi fi ìbonú amọ̀ sísun oní-ínṣì-6 sí i. Ẹni tí ó bá lè sọ gbólóhùn yìí ní èdè abínibí rẹ̀ kò ní í gba páànù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.